Òwú Tí Ó Ń Yọ́ Nínú Omi Tútù

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí òjò tilẹ̀ pa òwú lóko fún ọjọ́ púpọ̀, òwú kì í yọ́. Síbẹ̀ àwọn amòye ti rí ọ̀nà tí òwú yìí kan náà fi ń yọ́ nínú omi tútù, tí ó sì ń dì nígbà tí a bá gbé e ka iná.

Ní ọdún 1838, Anselme Payen, ará Faransé, ṣe àlàyé pé ohun kan náà ni ó wà nínú igi, koríko àti òwú. Sẹ́lúlóòsì ni orúkọ rẹ̀. Ó rí bí okùn gígùn tí a fi wóró kéékèèké irú ṣúgà kan so pọ̀. Àwọn okùn wọ̀nyí di ara wọn mú ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi lè yà wọ́n nípá.

Nítorí náà, ní ilé-iṣẹ́, a ó kọ́kọ́ rẹ òwú tàbí igi tí a ti lọ̀ kúnná sínú omi kọ́sítíìkì sódà, èyí tí àwọn aṣe-ọṣẹ mọ̀, kí àwọn okùn náà lè tú díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi methyl chloride sí i. Èyí a máa fi ohun kéékèèké lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ okùn, gẹ́gẹ́ bí èèmọ́ ti í lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn okùn kò lè sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí mọ́. Omi tútù sì rí àyè wọlé. Methylcellulose ni a ń pe ohun tuntun náà.

Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ògì. Ògì tí a bá rò lórí iná, bí ó bá tutù, a di ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n methylcellulose a máa ṣàn nígbà tí ó bá tutù. Bí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 50 ti Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi a fi àwọn èèmọ́ wọ̀nyí sílẹ̀, wọn a sì gbá ara wọn mú, gbogbo rẹ̀ a dì. Bí ó bá tún tutù, a tún yọ́. Ẹyin tí a ti sè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

A ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe oògùn fún ẹni tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń ni lára. Ara ènìyàn kò lè dà á; omi ni ó ń dì mú nínú ìfun, tí ìgbẹ́ fi ń rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e mì láìsí ife omi kíkún, nítorí ó lè wú, kí ó sì há ní ọ̀fun.

Ọmọ ìyá rẹ̀, hypromellose, wà nínú oògùn tí a ń kán sí ojú gbígbẹ. Èyí kò fi hàn pé omidùn tàbí omi ṣúgà dára fún ojú. Oògùn ti ilé-iṣẹ́ ni a ti wẹ̀ mọ́ kúrò nínú kòkòrò àrùn. Ti ilé kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè fọ́ni lójú. Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí kò ríran dáradára mọ́, kí ó tètè lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.