Yíyan ọ̀pá gọ́ọ̀fù

Yíyan ọ̀pá gọ́ọ̀fù ni ìgbésẹ̀ tí agbágọ́ọ̀fù máa ń gbé láti mọ irú ọ̀pá, iye ọ̀pá àti ìwọ̀n ọ̀pá tí ó bá ara rẹ̀ àti bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mu. Àyọkà yìí dá lórí agbágọ́ọ̀fù agbedeméjì, ìyẹn ẹni tí kì í fi eré náà jẹun, tí ó ń gbá a nígbà tí àyè bá gbà á, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì le jù, tí kò sì dẹ̀ jù. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àjọ USGA ti ń ṣe àkọsílẹ̀ háńdíkáàpù àwọn ènìyàn, ìpíndọ́gba háńdíkáàpù àwọn ọkùnrin wà ní nǹkan bí 14, ti àwọn obìnrin sì wà ní nǹkan bí 28. Háńdíkáàpù ni nọ́ńbà tí a fi ń díwọ̀n agbára agbágọ́ọ̀fù: bí ó bá ṣe kéré tó ni ẹni náà ṣe mọ eré náà gbá tó. Láti ọdún 2020 tí ètò háńdíkáàpù kan ṣoṣo ti wà fún gbogbo àgbáyé, 54.0 ni èyí tí ó ga jù lọ tí ènìyàn lè ní.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ni pé ọ̀pá gọ́ọ̀fù wọ́n, àwọn tí a sì máa ń rí nínú ìpolówó ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó ń fi ọ̀pá pẹ̀lú ìyára tí ẹni púpọ̀ kò lè ní láé. Ọ̀pá tí ó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìyà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá fi ojú ìpolówó rà á lè pàdánù owó rẹ̀, kí ó sì tún gbàgbọ́ pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gbá.

Ẹ̀yà ọ̀pá àti orúkọ wọn

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní: orí tí ó ń kan bọ́ọ̀lù, ara tí ó gùn, àti ìdìmú tí ọwọ́ ń gbá mú. Iwájú orí náà ni a ń pè ní ojú. Ojú yìí kì í sábà dúró ṣánṣán. Ó máa ń fẹ̀yìn díẹ̀, dígírì ni a sì fi ń wọn ìfẹ̀yìn náà. Bí ojú bá ṣe fẹ̀yìn tó ni bọ́ọ̀lù yóò ṣe ga tó, tí yóò sì ṣe sún mọ́ ìtòsí tó níbi tí yóò balẹ̀ sí.

Dráífà ni ó gùn jù, ojú rẹ̀ kì í sì í fẹ̀yìn púpọ̀. Láti inú ihò tí ó jìnnà ni a ti ń lò ó, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí a gbé lé èèkàn kékeré. (Kò bá dírẹ́bà ọkọ̀ tan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá.) Àwọn tí ó tẹ̀lé e ni àwọn ọ̀pá igi, lẹ́yìn wọn háíbírídì, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀pá irin tí a fún ní nọ́ńbà, wẹ́ẹ̀jì fún bọ́ọ̀lù ìtòsí àti kòtò iyanrìn, àti pọ́tà tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò.

Orúkọ náà, ọ̀pá igi, lè rú olùkà lójú nítorí pé kò sí igi nínú rẹ̀ mọ́. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ orí wọn nígbà kan rí. Ní 1979, Gary Adams dá ilé-iṣẹ́ TaylorMade sílẹ̀ láti máa ta èyí tí a fi irin ṣe. Orí náà yí padà, orúkọ kò yí. Ara ọ̀pá pẹ̀lú ti jẹ́ igi rí, kí àjọ R&A ti ìlú St Andrews ní Skọ́tíláńdì tó fọwọ́ sí ara onírin ní 1929.

Ohun tí òfin gbà

Òfin gọ́ọ̀fù, tí àjọ R&A àti USGA jọ ń ṣe, gba ọ̀pá 14 láyè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbé jù bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje tí a ń ka iye ìgbá yóò gba ìjìyà ìgbá méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan tí ó ti ṣẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju mẹ́rin lọ. Orí dráífà kò gbọdọ̀ ju 460 cm³ lọ. Ọ̀pá kankan, yàtọ̀ sí pọ́tà, kò sì gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 48 lọ.

Àwọn àjọ náà tún fi òdiwọ̀n lé bí ojú dráífà ṣe lè ta bọ́ọ̀lù padà tó. Òfin yìí yẹ kí oníbàárà mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ilé-iṣẹ́ gbogbo ti dé òdiwọ̀n náà tipẹ́, nítorí náà dráífà ti ọdún yìí kò lè fi ibi púpọ̀ ju ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ bí a bá gbá bọ́ọ̀lù láàárín ojú. Ibi tí ìlọsíwájú ti wáyé ni bọ́ọ̀lù tí a kò gbá láàárín. Ìyẹn kò kéré fún ẹni tí háńdíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 14, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìpolówó máa ń pariwo.

Ọ̀pá irin: ìtàn àti àríyànjiyàn

Ní àárín ọ̀rúndún ogún, ọ̀pá irin jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán, tí ó tín-ín-rín bí abẹ. Bí agbágọ́ọ̀fù bá fi apá ibi ìparí rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, orí náà yóò yí lójijì, bọ́ọ̀lù yóò sì ṣìnà, kò sì ní lọ jìnnà. Karsten Solheim, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó dàgbà ní Amẹ́ríkà, tí ó sì jẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ General Electric, ni ó mú àtúnṣe wá. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù, pọ́tà ni kò sì jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀. Ó wá rò pé bí òun bá kó ìwúwo orí lọ sí etí rẹ̀ méjèèjì dípò àárín, kò ní máa yí bẹ́ẹ̀. Ní 1959 ó ṣe pọ́tà kan tí ó ń dún bí agogo nígbà tí ó bá kan bọ́ọ̀lù. Ìró náà ni ó fi sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní PING. Ọgbọ́n kan náà ni ó mú wọ inú àwọn ọ̀pá irin: ó gbẹ́ ẹ̀yìn wọn, ó sì kó irin tí ó yọ lọ sí ìgbátí. Ping Eye2, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, di ọ̀kan lára èyí tí ó tà jù lọ nínú ìtàn gọ́ọ̀fù.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀pá irin ti pín sí ọ̀nà méjì: oníbi abẹ, tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan fẹ́ràn nítorí pé ó ń sọ fún ọwọ́ wọn gan-an ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan ojú, àti ẹlẹ́yìn gbígbẹ́, tí ó ń dárí jì. Fún agbágọ́ọ̀fù agbedeméjì, ìkejì ni ó yẹ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ pẹ̀lú ń lo irú rẹ̀.

Àríyànjiyàn ibẹ̀ wà lórí nọ́ńbà. Ní àwọn ọdún 1980, ojú ọ̀pá irin 7 máa ń fẹ̀yìn ní nǹkan bí dígírì 35. Lónìí, ọ̀pá irin 7 tí a ṣe fún agbágọ́ọ̀fù agbedeméjì máa ń wà láàárín 28 àti 30, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń kéré sí i. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí a kọ 7 sí lára lónìí ni baba wa ì bá pè ní 5. Nígbà tí oníbàárà bá gbá a ní ṣọ́ọ̀bù, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá fi ogún yáàdì kọjá ibi tí ti àtijọ́ ń dé, inú rẹ̀ a dùn, a sì rò pé agbára òun pọ̀ sí i. Nọ́ńbà ni ó yí. Kì í ṣe ẹ̀tàn nìkan, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀: àwọn orí òde òní gbé ìwúwo wọn sí ìsàlẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí bọ́ọ̀lù ga jù, nítorí náà ó bójú mu kí a dín ìfẹ̀yìn kù.

Wàhálà rẹ̀ ń yọjú ní ìparí àpò. Wẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́, èyí tí ó máa ń bá ọ̀pá irin wá, ti wà ní nǹkan bí dígírì 48 tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ó lè wà ní 43. Wẹ́ẹ̀jì kòtò iyanrìn kò kúrò ní 56, irú èyí tí Gene Sarazen sọ di olókìkí nígbà tí ó gba ìdíje Open ti ọdún 1932. Láti 43 dé 56 jẹ́ dígírì 13. Nínú àwọn ọ̀pá irin, nǹkan bí mẹ́rin ni ó máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Àlàfo gbọ̀ngbọ̀nràn kan wà tí kò sí ọ̀pá tí yóò bo ó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ ibi tí agbágọ́ọ̀fù agbedeméjì ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù jù lọ. Ẹni tí ó bá ra ọ̀pá irin tuntun yẹ kí ó béèrè ìfẹ̀yìn wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ṣáájú iye owó rẹ̀, kí ó sì ra òmíràn tí ó wà ní nǹkan bí 49 tàbí 50 sí àárín.

Àpò tí ó bá agbedeméjì mu

Òfin gba 14 láyè, kò pa á láṣẹ. Ọ̀pá irin 3 àti 4 ṣòro láti gbé sókè fún ẹni tí ìyára rẹ̀ kò pọ̀. Háíbírídì ni ó dára jù ní ipò wọn, nítorí pé orí rẹ̀ gbòòrò, ìwúwo rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ àti lẹ́yìn. Àpò tí ó tó ni: dráífà kan tí ìfẹ̀yìn rẹ̀ kò dín ní 10.5, ọ̀pá igi 5, háíbírídì méjì, ọ̀pá irin 6 títí dé 9 pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì wọn, wẹ́ẹ̀jì méjì mìíràn, àti pọ́tà. Méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ra dráífà 9 nítorí pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan ń lò ó, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù wọn kì í ga tó láti fò dé ibi tí ó yẹ.

Pọ́tà ni a máa ń fojú fò. Lórí pápá tí a retí ìgbá 72, mẹ́rìndínlógójì nínú rẹ̀ ni a yà sọ́tọ̀ fún pọ́tà, ìyẹn méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó lo wákàtí méjì láti yan dráífà lè mú pọ́tà ní ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹni mú gúgúrú.

Wíwọn ọ̀pá mọ́ ara

Bí aránṣọ ṣe ń wọn ènìyàn kí ó tó gé aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ ọ̀pá ń wọn agbágọ́ọ̀fù. Gíga ènìyàn nìkan kò tó. Ó ń wọn láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀, nítorí pé ẹni gíga tí apá rẹ̀ gùn lè lo ọ̀pá kan náà pẹ̀lú ẹni kúkúrú. Lẹ́yìn èyí ni ìdúró orí sí ilẹ̀. Bí imú orí bá gbé sókè jù nígbà tí ó bá kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ọ̀tún yóò máa lọ sí òsì; bí ìgìgísẹ̀ rẹ̀ bá gbé sókè, yóò máa lọ sí ọ̀tún. Ènìyàn lè lo ọdún púpọ̀ láti máa tún ara rẹ̀ ṣe fún àṣìṣe tí ó wà lára ọ̀pá. Solheim náà ni ó fi àmì àwọ̀ sára ọ̀pá rẹ̀ láti fi ìdúró kọ̀ọ̀kan hàn.

Ara ọ̀pá le tàbí kí ó rọ̀, a sì máa ń fi lẹ́tà kọ ọ́: R fún ti gbogbogbòò, S fún líle, X fún líle jù lọ. Kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. R ilé-iṣẹ́ kan lè le ju S ti èkejì lọ. Nítorí náà kí a má ṣe ra lẹ́tà, kí a gbá a wò. Ìwúwo pẹ̀lú ṣe kókó: gíráfáìtì fúyẹ́ ju irin lọ, ó sì ń dín ìgbọ̀n tí ó ń dé ìgbọ̀nwọ́ kù, èyí tí ó ṣàǹfààní fún àgbàlagbà.

Ìdánwò àti rírà

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀rọ tí ó ń wọn ìyára bọ́ọ̀lù, gíga rẹ̀ àti bí ó ṣe ń yí lójú òfuurufú. Ẹ̀rọ náà kì í parọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi òótọ́ rẹ̀ tan ara rẹ̀: bọ́ọ̀lù kan tí ó jìnnà jù lọ ni ó máa ń kù lọ́kàn, nígbà tí mẹ́sàn-án yòókù wà nínú igbó. Ìpíndọ́gba bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, àti bí wọ́n ṣe fọ́nká sí, ni ó yẹ kí a wò. Kí oníbàárà gbé ọ̀pá rẹ̀ àtijọ́ dání, kí ó sì gbá a lórí ẹ̀rọ kan náà ní ọjọ́ kan náà. Bí ìyàtọ̀ kò bá hàn, owó ọ̀hún yóò wúlò jù lọ́wọ́ olùkọ́.

Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pá gọ́ọ̀fù ti ń wá láti òkè òkun, tòkunbọ̀ kì í ṣe èyí tí a lè fojú kéré. Dráífà àti ọ̀pá irin kì í tètè gbó. Wẹ́ẹ̀jì ni kí a ṣọ́ra fún, nítorí pé ilà ojú rẹ̀ tí ó ń di bọ́ọ̀lù mú máa ń pa rẹ́ nítorí iyanrìn. Ìdìmú tí ó ti dán kò yẹ kí ó lé oníbàárà sá. Ohun tí a lè pààrọ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀ ni. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí iye tí wọ́n ń pè é bá sì jẹ́ ìdá mẹ́rin ti ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí ọkàn fura.

Ọlọ́wọ́ òsì

Ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì kò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tòkunbọ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ òsì fi kọ́ ọ̀nà ti ọwọ́ ọ̀tún. Kò pọn dandan kí ọwọ́ tí ènìyàn fi ń kọ̀wé jẹ́ ọwọ́ tí yóò fi gbá gọ́ọ̀fù. Bob Charles ti New Zealand, ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìdúró ọwọ́ òsì gba ìdíje ńlá nígbà tí ó borí nínú Open ti 1963, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lò fún ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí olùbẹ̀rẹ̀ yá ọ̀pá irúfẹ́ méjèèjì, kí ó gbá ogún bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó ra èyíkéyìí.