Ìrora Àrùn Jẹjẹrẹ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Ilé

Àwa tí iṣẹ́ wa ń mú wọ ilé àwọn aláìsàn ti ṣàkíyèsí ohun kan nígbà púpọ̀. Aláìsàn tí kò fojú ba oorun ní òru, tí ó di etí ibùsùn mú títí ilẹ̀ fi mọ́, bí dókítà bá bi í pé, "Ara ńkọ́?" yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́, ara ń yá." Èsì ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n bí dókítà ti gbọ́ ọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, oògùn kò sì ní yí padà. Nínú gbogbo ìṣòro ìtọ́jú ìrora àrùn jẹjẹrẹ, èyí ni àwa kà sí èkíní.

Nítorí náà, kí aláìsàn fi iye sọ ọ́: 0 ni àìsí ìrora rárá, 10 ni èyí tí ó burú jù lọ. Kí ó sọ ibi tí ó ti ń dùn ún, àti bóyá ó ń ro ó ni tàbí ó ń ta á bí iná, nítorí èyí tí ń ta bí iná lè fẹ́ oògùn mìíràn. Àwọn kan wí pé ìfaradà láìsọ̀rọ̀ ni àmì ìgbàgbọ́. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Jóòbù ké nínú ìrora rẹ̀, a sì ń pè é ní olódodo síbẹ̀.

Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a máa gba ẹnu lo oògùn ìrora bí ó bá ṣeé ṣe, kí a sì máa lò ó ní àkókò rẹ̀. Agbára mọ́fíìnì olómi kò ju bíi wákàtí 4 lọ. Ẹni tí ó bá dúró kí ìrora tún gbóná kí ó tó mu ún, òun ni yóò máa jìyà lásán. Bí ìrora bá yọ láàárín àkókò méjì, kí a béèrè ìwọ̀n àfikún lọ́wọ́ dókítà.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé mọ́fíìnì yóò di bárakú, tàbí pé ikú ti dé nìyẹn. Kí ara mọ oògùn lára kì í ṣe bárakú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró lójijì, kí a sì tì í mọ́ àpótí. Ìrìndọ̀ àti oorun sábà máa ń dínkù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìgbẹ́ líle kì í lọ bẹ́ẹ̀: láti ọjọ́ kìíní ni kí a ti gba oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Àwa mọ àwọn tí ó pa mọ́fíìnì tì nítorí èyí nìkan.

Kí a má ṣe lọ oníhóró tí a ṣe láti máa yòrò díẹ̀díẹ̀. Bí aláìsàn bá sì sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.