Epo Pupa àti Ojú Tí Ń Ríran Ní Àṣálẹ́

Nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní àdúgbò Ọ̀rẹ̀ àti Odigbó, tí òkùnkùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo oko kòkó àti igi ọ̀pẹ, ẹni tí ń ti oko bọ̀ a ṣì máa rí ipa ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láìtan iná. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ń sáré ṣeré ní ọ̀sán gangan, tí ó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a máa fi ọwọ́ wá ara ògiri, wọn a sì máa kọsẹ̀ lára àpótí. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí ń fà á.

Ní ẹ̀yìn ẹyinjú wa ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Ní ọdún 1876, Franz Boll, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ń kọ́ni ní ìlú Róòmù, ṣàkíyèsí pé awọ yìí pọ́n nínú ojú àkèré tí a fi sínú òkùnkùn, àti pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, pupa náà a ṣá. Ní 1933, George Wald ará Amẹ́ríkà rí fítámì A nínú awọ náà. Ní ọdún 1967 ni a sì fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel.

Ohun méjì ni ó so pọ̀ níbẹ̀. Èkínní ni retinal, tí ara ń ṣe láti inú fítámì A. Èkejì ni púrótéènì tí a ń pè ní opsin. Ẹ jẹ́ kí a wí pé retinal ni àlejò, opsin sì ni ilé. Òpó méje ni ilé náà ní. Àlejò ká ara rẹ̀ kò sí àárín wọn, a sì so ó mọ́ òpó keje. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó na ara rẹ̀. Bí ó ti nà, ó ti àwọn òpó, ilé sì yí ìrísí padà. Ìyípadà yìí ni ó di ìròyìn tí ń lọ sí ọpọlọ. Lẹ́yìn náà, àlejò a jáde, a ó sì tún un ká ní ibòmíràn nínú ojú kí ó tó padà wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iná ọkọ̀ lójú ọ̀nà Benin fi lè mú ojú wa ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀.

Ilé ni ó ń pàṣẹ iṣẹ́ tí àlejò yóò ṣe. Nínú ojú kan náà, ilé mẹ́ta tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ara wọn ni a fi ń mọ àwọ̀ ní ọ̀sán, àlejò kan náà sì ni ó ń gbé inú gbogbo wọn. Nípa ìyàtọ̀ wọn ni a fi ń mọ ata tí ó pọ́n láàrin ewé. Ní ọdún 1971, Dieter Oesterhelt àti Walther Stoeckenius sọ fún ayé pé àwọn rí retinal nínú kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú omi oníyọ̀ púpọ̀. Òpó méje ni ilé tirẹ̀ náà ní, ṣùgbọ́n níhìn-ín àlejò nà, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ká a kò. Kì í jáde, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá bá sì kọjá, ó ti padà sí ipò rẹ̀. Kì í ṣe ìríran ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń ti hydrogen jáde ni, kí kòkòrò náà lè rí agbára fi wà láàyè. Ní ọdún 2000, Krzysztof Palczewski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtànṣán X-ray rí bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe dúró nínú ilé tí ó wà nínú ojú màlúù.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn yín nìyí. Ara ọmọ lè kọ́ ilé náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá àlejò náà ṣe. Inú oúnjẹ ni ó ti gbọ́dọ̀ wá. Bí ilé bá ṣófo, òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ fi í hàn. Carotene ni ó mú kí epo pupa pọ́n. Ara a sì máa gé e sí méjì láti rí retinal. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń se epo lórí iná títí pupa rẹ̀ fi lọ ń sọ ohun tí ojú ń fẹ́ nù pẹ̀lú. Ẹ̀fọ́ tútù, máńgòrò tí ó pọ́n, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ro epo sí ojú ẹnikẹ́ni: ẹnu ni ọ̀nà rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń táràrà ní àṣálẹ́, ẹ má ṣe dúró kí ojú rẹ̀ gbẹ tàbí kí ó funfun, nítorí ìfọ́jú lè tẹ̀lé e. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ sì béèrè fítámì A tí a máa ń fún àwọn ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Àwa òbí ni ó yẹ kí a bá ọmọ ṣọ́ ojú rẹ̀.