Ti Síso Àká Mọ́ Ère Kọ̀ǹpútà, àti ti Títú Wọn

Ọ̀rọ̀ ère ni mo gbé wá. Kì í ṣe ti àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí nwọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ, tí Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábójútó àwọn ilé-ìwé C.M.S., mú kí àwọn òyìnbó mọ̀ li ọdún 1933, tí a sì fi ilé ìṣẹ̀mbáyé lélẹ̀ fún wọn li ọdún 1945. Ère kọ̀ǹpútà ni mo wí. Bí ilé-ìwé kan bá ní ogún kọ̀ǹpútà, olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yíò ṣe ètò kan ṣoṣo ní pípé, yíò dì í sínú fáìlì ńlá kan, yíò sì dà á kọ sínú gbogbo wọn. Fáìlì nã li à npè ní ère.

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland li ọdún 1991, li a sábà fi í ṣe irú ère bẹ̃; Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfríkà gbé jáde li ọdún 2004, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Báyi li a ṣe nkọ́ ọ. A ó dá fódà òfìfo kan, kí a pè é ní /srv/ile. Àṣẹ debootstrap yíò kó ìpìlẹ̀ ètò sínú rẹ̀. Lẹ́hìn èyí, àṣẹ chroot, tí ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1979, yíò ti òṣìṣẹ́ mọ́ inú fódà nã, tí yíò fi rò pé níbẹ̀ ni gbogbo aiyé parí sí.

Ṣùgbọ́n ilé titun nã kò ní ẹ̀mí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́, yíò bèrè ohun mẹ́ta: /proc, /sys àti /dev. Ẹ kíyèsí i pé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò sí lórí dísìkì rárá. Ẹni tí ó bá ka /proc/cpuinfo kò ka ìwé tí a ti kọ sílẹ̀. Ọkàn kọ̀ǹpútà, tí à npè ní kernel, li ó ndá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nítorí nã a kò lè dà wọ́n kọ bí a ti ndà ìwé kọ. A ní láti so wọ́n mọ́ ilé titun ni. Bí a kò bá ṣe bẹ̃, àṣẹ ps kò ní rí ohun tí yíò sọ. Bí /dev/null kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó bá da ìdọ̀tí síbẹ̀ yíò dá fáìlì lásán kan tí njẹ́ null, ìdọ̀tí nã yíò sì máa kójọ sínú ère tí a fẹ́ pín kiri.

Àwọn àṣẹ tí a nkọ sínú ìwé àṣẹ shell nìyí:

mount -t proc proc /srv/ile/proc
mount -t sysfs sysfs /srv/ile/sys
mount --bind /dev /srv/ile/dev
mount --bind /dev/pts /srv/ile/dev/pts

Ọ̀rọ̀ nã --bind li ó yẹ kí a dúró lé lórí. Kì í ṣe ẹ̀dà li ó nṣe. Ilẹ̀kùn kejì li ó nlà sí àká kan nã. Ẹni tí ó bá gba ilẹ̀kùn titun wọlé, tí ó sì sun iṣu níná, iṣu baba rẹ̀ li ó sun.

Èmi tìkára mi kọ́ èyí pẹ̀lú ìrora. Mo nṣe ère kan ní Òmù-Àrán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo sì fi --bind so fódà kan mọ́ ọn, nínú èyí tí mo kọ oríkì tí mo gbà lẹ́nu àwọn àgbà sí, kí n lè fi díẹ̀ nínú wọn sínú ère nã. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìwé àṣẹ mi ní kí umount tú u. Umount kọ̀, ó ní ènìà ṣì mbẹ nínú ilé. Òótọ́ ni, ètò kan tí mo gbàgbé ṣì nṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi kò kọ ọ́ pé bí àṣẹ kan bá kùnà kí gbogbo rẹ̀ dúró. Ó kọjá lọ sí ìlà tí ó tẹ̀lé e, èyí tí í ṣe rm -rf /srv/ile. Kí n tó mọ̀, ó ti gba ilẹ̀kùn kejì wọ inú àká mi. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà nã ti kú kí ó tó di ọjọ́ yẹn, èmi kò sì ní ẹ̀dà.

Ti àwọn ẹlòmíràn burú jù bẹ̃ lọ. Li ọdún 1916 kọ́, li ọdún 2016 tí kò jìnnà yí, ó di mímọ̀ pé ní àwọn kọ̀ǹpútà kan, bí rm bá dé /sys/firmware/efi/efivars, tí í ṣe ibi tí ẹ̀rọ nfi ìrántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, ẹ̀rọ nã kò ní lè jí mọ́. Àwọn tí nṣe kernel ti fi ààbò sí i láti ìgbà nã. Ìparun inú /dev sàn jù, nítorí nínú ìrántí kúkurú li ó wà. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún un tàn, yíò padà. Ó sì yani lẹ́nu pé iná mọ̀nàmọ́ná tí ó nlọ lójijì, tí gbogbo wa nráhùn sí, kò ṣe ibi ní ti èyí: gbogbo ohun tí a so ni ó ntú. Ewu wà níbi tí ìwé àṣẹ ti kú tí ẹ̀rọ sì wà láàyè.

Kí li a ó ha ṣe? Kọ set -e ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìkùnà má bà á kọjá láìdúró. Kọ trap fún EXIT, kí títú lè ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ parí tàbí bí ó kùnà. Ṣùgbọ́n trap kò lè gbọ́ kill -9. Tú wọn láti ẹ̀hìn wá, /dev/pts ṣáájú /dev, bí a ti nsọ ẹrù kalẹ̀ láti òkè. Kí mountpoint -q sì wò ó bóyá ohunkóhun ṣì so mọ́ ibẹ̀, kí rm tó sọ̀rọ̀. Ní ti umount -l, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀: ó nfi ilẹ̀kùn pamọ́, ẹni tí ó wà nínú ilé sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn kan yíò sọ fún nyín pé rm --one-file-system tó. Ó dára fún /proc àti /dev, nítorí àká ọ̀tọ̀ ni nwọ́n. Ṣùgbọ́n fódà oríkì mi àti /srv/ile wà lórí dísìkì kan nã. Lójú rm, àká kan ni, kì bá ti dúró. Ohun tí ìbá gbà á là ni kí n so ó fún kíkà nìkan:

mount --bind /home/oriki /srv/ile/oriki
mount -o remount,bind,ro /srv/ile/oriki

Láti ọjọ́ nã, bẹ̃ ni mo nso ohunkóhun tí kì í ṣe ti ère fúnra rẹ̀.