Owó Ọpẹ́ Lẹ́yìn Ìfò: Ta Ni Ká Fún, Èló, àti Ìgbà Wo?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n kọ sára ògiri pé iye báyìí ni. Owó tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè lọ́wọ́ yín ni, síbẹ̀ tó máa ń kó èèyàn lọ́kàn sókè. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní típù.

Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ wa kan ní Houston tàbí Atlanta lè pé ogójì ọdún, kó ní òun ò ṣe páátì lọ́dún yìí, òun fẹ́ fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó sanwó, ó fọwọ́ sí ìwé, ó fò, ó sì balẹ̀ láyọ̀. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè dé: ẹni tó so mọ́ mi lẹ́yìn láti òkè dé ilẹ̀ yìí, ṣé kí n fún un ní nǹkan? Èló? Ṣé kò ní bínú tó bá kéré? Ṣé owó tí mo san ní kánńtà ò tó ni?

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Tí a bá mọ àwọn tó ṣiṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń rí owó wọn gbà, ìdáhùn kò ní le.

Àwọn wo ló ṣiṣẹ́ fún yín?

Irú ìfò tí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fò rí máa ń kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n ń pè ní tandem. Èèyàn méjì ló wà lábẹ́ páráṣúùtù kan: ẹ̀yin níwájú, olùkọ́ yín lẹ́yìn, ìgbànú tó lágbára ló so yín pọ̀. Ọkọ̀ á gbé yín gòkè tó nǹkan bíi 10,000 sí 14,000 ẹsẹ̀ bàtà. Tí ẹ bá ti jáde, ẹ ó máa já bọ̀ ní nǹkan bíi máìlì 120 ní wákàtí kan, fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì tó so pọ̀ wúwo, eré wọn ì bá sì ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ á ti kọ́kọ́ ju páráṣúùtù kékeré kan sílẹ̀ tí yóò dín eré náà kù. Nígbà tó bá ku bíi 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, á ṣí èyí tó tóbi, ẹ ó sì rọra balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje.

Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí lẹ́yìn yín kì í ṣe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lánàá. Òfin ìjọba Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn fò bí kò bá tíì lo ọdún 3 nínú iṣẹ́ náà, tí kò sì tíì fò tó ìgbà 500. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, òun ló ń fọkàn yín balẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé láti gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà tí ilẹ̀ ń sún mọ́, òun ló ń rán yín létí.

Olùkọ́ nìkan kọ́ o. Ẹnì kan wà tí ẹ lè má rí i rárá: ẹni tó ń ká páráṣúùtù. Lẹ́yìn gbogbo ìfò, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, kó to àwọn okùn rẹ̀, kó ká a, kó sì kì í sínú àpò rẹ̀ lọ́nà tí yóò fi ṣí dáadáa. Aṣọ páráṣúùtù tandem fẹ̀ tó ilẹ̀ pálọ̀ ńlá kan. Orí eékún lonítọ̀hún ti ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Páráṣúùtù kejì tún wà nínú àpò yẹn, èyí tí wọ́n fi pa mọ́ bí ti àkọ́kọ́ ò bá ṣiṣẹ́. Onímọ̀ tó níwèé àṣẹ nìkan ló lè ká ìyẹn, òfin sì ní kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ kó tó tún un ká.

Tí ẹ bá sanwó fídíò, ẹlòmíràn tún lè wà níbẹ̀. Láwọn ibùdó kan, olùkọ́ yín fúnra rẹ̀ ló ń de kámẹ́rà mọ́ ọrùn ọwọ́. Láwọn ibòmíràn, ayàwòrán á fò lọ́tọ̀ pẹ̀lú páráṣúùtù tirẹ̀ àti kámẹ́rà lórí akoto. Á máa já bọ̀ níwájú yín bí ẹ̀yin náà ṣe ń já bọ̀, á sì máa sáré balẹ̀ ṣáájú kó lè ya bí ẹ ṣe ń gúnlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba owó wọn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Lọ́pọ̀ ibùdó ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ kì í gba owó oṣù. Iye ìgbà tó bá fò ni wọ́n ń san fún un. Ẹni tó ń ká páráṣúùtù náà, iye tó bá ká ni. Tí atẹ́gùn bá le jù, tàbí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, wọ́n á jókòó sábẹ́ òrùlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó kankan ò sì ní wọlé. Ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń tilẹ̀kùn nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ kan á sì kẹ́rù lọ sí Florida tàbí Arizona láti wáṣẹ́ níbi tí oòrùn wà.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí mo san 200 sí 300 dọ́là!” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú owó yẹn ni epo ọkọ̀, ìtọ́jú ọkọ̀, awakọ̀ òfuurufú, ohun èlò àti ilẹ̀ ibùdó wà. Èyí tó dé ọwọ́ olùkọ́ kéré gan-an sí èyí tí ẹ kà sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má fi olùkọ́ wé ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún yín nílé oúnjẹ. Láti 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti gbà kí agbanisíṣẹ́ san 2.13 dọ́là péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba típù, tí típù náà bá ti lè kún un dé 7.25 dọ́là. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi kún un, ṣùgbọ́n níbi tí wọn ò tíì fi kún un, típù ni oúnjẹ òòjọ́ ẹni náà. Ẹni tó bá jẹun tí kò fi nǹkan sílẹ̀ ti mú nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ti olùkọ́ ìfò ò rí bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ni tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lé yín bí ẹ ò bá fún un, àmọ́ ẹni tó bá rí i gbà mọ̀ ọ́n lóore.

Ẹ rántí èènì lọ́jà wa. Oníṣòwò á wọn gaàrì tán, á wá bu díẹ̀ lé e. Kò sí nínú owó tẹ́ ẹ san, kò sì di dandan, àmọ́ òun ló ń mú kí ẹ padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Típù olùkọ́ ìfò dà bí èènì tí oníbàárà ń bù fún ọlọ́jà.

Kí ìfò tó wáyé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tá a sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀ tán ni kí ẹ fún un. Ẹ má ṣe fún un ṣáájú.

Èdè wa ti là á fún wa tipẹ́. Kí là ń pe owó tí wọ́n fi ń ra ojú aláṣẹ? Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni: ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ sílẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Owó kan náà tó jẹ́ ọpẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló jẹ́ ṣáájú iṣẹ́. Níbi ìfò, ìyàtọ̀ yìí lè ba ẹ̀mí èèyàn jẹ́. Olùkọ́ ló máa wo atẹ́gùn kó ní, “A ò ní fò báyìí.” Òun ló máa wo ìwọ̀n ìwúwo yín kó ní ó ti kọjá ohun tí ibùdó gbà. Ẹni tí owó yín ti wà lápò rẹ̀ lè máa tijú láti sọ ọ́. Tí ẹ bá wá ti àpẹẹrẹ Maryland dé Virginia, tẹ́ ẹ lo wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má fa owó yọ pé “Ẹ bá wa ṣe é jàre.” Olùkọ́ tó kọ̀ fún yín ti ṣiṣẹ́ tó dáa jù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Èló?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún olùkọ́ tandem ní Amẹ́ríkà ni 20 sí 50 dọ́là. Àwọn mìíràn á ṣírò ìdá mẹ́wàá sí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n san. Ayàwòrán tó fò lọ́tọ̀ náà máa ń gba bíi 20 dọ́là. Bó bá jẹ́ olùkọ́ yín náà ló ya fídíò, ẹ lè bù díẹ̀ sí tirẹ̀, torí iṣẹ́ méjì ló ṣe. Ní ti ẹni tó ká páráṣúùtù, 5 tàbí 10 dọ́là lè mú kó rẹ́rìn-ín músẹ́ di alẹ́, torí àwọn tó ń rántí rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín pé, “Ta ló ká páráṣúùtù wa?” Inú òun náà á dùn pé ẹ béèrè. Wọn kì í retí nǹkan fún awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tó wà ní kánńtà, àmọ́ ẹ má ṣàìkí wọn.

Báwo la ṣe ń fún un?

Owó ọwọ́ ló dáa jù, ẹ sì fi lé onítọ̀hún lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fi sínú mọ́tò tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó sìn yín lọ kẹ́ ẹ tó gòkè, torí nǹkan máa ń bọ́ lápò lójú ọ̀run. Ẹ jẹ́ kó tú ìgbànú kúrò lára yín, kó mí díẹ̀, kẹ́ ẹ wá pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má pẹ́ jù o, torí ọkọ̀ tó kàn lè ti máa dúró dè é. Bí owó ọwọ́ ò bá sí, ẹ béèrè ní kánńtà bóyá ó ṣeé fi káàdì san, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́fà lẹ jọ wá ṣe ọjọ́ ìbí, olùkọ́ mẹ́fà ló ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́. Kí kálukú dúpẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ wá: ẹ má sáré wọ pápá lọ máa lẹ owó mọ́ olùkọ́ níwájú orí. Àwọn mìíràn ṣì ń balẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí sì lè wà nítòsí. Ẹ fi ti òde àríyá sílẹ̀ fún òde àríyá.

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́?

Ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ kó lè máa dá fò ò ní máa san típù lẹ́yìn gbogbo ìfò. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ fò ní ìgbà 25 kó tó gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni bíà. Ẹni tó bá ṣe ohun kan fún ìgbà àkọ́kọ́, irú bíi pé ó dá fò tàbí ó gba ìwé àṣẹ, á ra páálí bíà kan fún gbogbo ilé. Wọn ò ní ṣí i títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà á fi balẹ̀, torí òfin ò gbà kí ẹni tí ọtí wà lára rẹ̀ fò. Àwa tí a kì í mutí ńkọ́? Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù kan àti mínírà tútù á ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ti yín yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń fò tandem ń fò láti kówó jọ fún àwọn àjọ aláàánú, wọn kì í sì í retí típù. “Ẹ ṣeun” àti ife tíì kan ti tó. Ẹni tó bá fún wọn, wọn ò ní kọ̀ ọ́.

Bówó ò bá wá sí ńkọ́? Ẹlòmíràn fi oṣù mẹ́fà tọ́jú owó ìfò yìí, kò sì ku nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má tìtorí bẹ́ẹ̀ yọ́ jáde bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọn ò sọ pé ẹni tí kò fún ni lówó o. Ẹni tí kò dúpẹ́ ni wọ́n wí. Ẹ bọ olùkọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun tó ṣe tọ́kàn yín fi balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá kà á lè ní òun ni kó gbé òun náà fò. Ẹni tí iye ìgbà tó fò ni wọ́n fi ń sanwó fún, owó lẹ fún un yẹn náà.

Ibi tá a máa dé dúró nìyí lónìí. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ lọ fò, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kó tó lọ, kó lè mú owó díẹ̀ dání.