Frankston: Ìjókòó Kan Tó Ń Gbé Ìjọba Dé, Tó Tún Ń Lé E Lọ

Ní gúúsù ìlà-oòrùn Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ibi tí ọ̀kan lára àwọn ojú irin ìlú náà parí sí ni wọ́n ń pè ní Frankston. Etí òkun ni, nǹkan bíi 40 kìlómítà sí àárín ìlú Melbourne. Ìjókòó kan péré ni agbègbè yìí ní nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Victoria, síbẹ̀ ó lọ́wọ́ nínú bí olórí ìjọba méjì ṣe kúrò lórí àga.

Ìjókòó 88 ló wà nílé aṣòfin náà. Wọn kì í dìbò yan olórí ìjọba lọ́tọ̀ bí àwa ṣe ń yan gómìnà. Ẹni tó bá ní aṣòfin 45 lẹ́yìn ni yóò di Premier. Láti 1926 ni ìbò dídì ti di dandan níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé láìnídìí, owó ìtanràn ni yóò san. Wọn kì í tẹ̀ka rárá. Pẹ́ńsù ni olùdìbò fi ń kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: 1 fún ẹni tó wù ú jù, 2 fún ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe é títí orúkọ yóò fi tán. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá já, ẹni kejì ni wọn yóò gbé ìbò náà fún.

Ọdún 1967 ni wọ́n ya Frankston sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjókòó kan. Ẹgbẹ́ Liberal ló ń mú un títí di 1982, ìgbà tí ẹgbẹ́ Labor gba ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọdún 27. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gé ààlà rẹ̀, tí wọ́n ń tún un gé, bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i. Àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù wà lápá àríwá, àwọn olówó sì wà lórí òkè Olivers Hill tó dojú kọ òkun. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kankan kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1999 ló ṣì ń yà mí lẹ́nu jù. Peter McLellan ń ṣojú Frankston East, ọ̀kan nínú ìjókòó méjì tí wọ́n pín ìlú náà sí nígbà yẹn. Ó ti fi ẹgbẹ́ Liberal sílẹ̀ ní 1998, ó sì ń díje láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ ìdìbò gan-an, 18 oṣù Kẹsàn-án, ló kú. Wọ́n fagi lé ìbò ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ti ibi yòókù, Jeff Kennett, Premier ìgbà náà láti ẹgbẹ́ Liberal, àti ẹgbẹ́ alábàáṣe rẹ̀ ní 43, Labor ní 41, àwọn tí kò sí lẹ́gbẹ́ sì jẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ìpínlẹ̀ wá ń wo Frankston East fún oṣù kan gbáko. Ní 16 oṣù Kẹwàá, Matt Viney gbà á fún Labor. Àwọn mẹ́ta náà fara mọ́ Steve Bracks, olórí Labor, iye rẹ̀ pé 45 géérégé, bẹ́ẹ̀ ni Kennett tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé mìmì kan kò lè mì ṣe lọ.

Ní 2010, 45 náà ni Ted Baillieu ti Liberal fi gorí àléfà, Frankston sì wà nínú rẹ̀. Geoff Shaw ló gbà á lọ́wọ́ Labor. Nígbà tó yá, wàhálà dé lórí ọkọ̀ ìjọba tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ òwò rẹ̀. Ní 6 oṣù Kẹta, 2013, Shaw kúrò nínú ẹgbẹ́ Liberal. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Baillieu kọ̀wé fipò sílẹ̀, Denis Napthine sì gbapò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbò Shaw nìkan ló kù tí ìjọba gbára lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ọkọ̀ náà, wọ́n sì tún fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ó dùn mí fáwọn ará Frankston pé ẹjọ́ ọkọ̀ ni gbogbo ìpínlẹ̀ ń rò lórí wọn, tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn wọn fi di ẹ̀yìn.

Ní oṣù Kọkànlá 2014, panápaná tẹ́lẹ̀ kan, Paul Edbrooke, gba ìjókòó náà fún Labor. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí láti mú ibi 50 tí ojú irin ti gba ojú títì kọjá kúrò. Ìjókòó mẹ́rin lẹ́bàá ojú irin Frankston, ìyẹn Bentleigh, Mordialloc, Carrum àti Frankston fúnra rẹ̀, ló bọ́ sọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú irin náà, wọ́n sì tún ibùdókọ̀ Frankston kọ́ ní 2018. Edbrooke wọlé padà lọ́dún náà, ó sì tún wọlé ní 2022.