Èló Ni Ẹni Tó Ń Bá Wa Fi Owó Dókòwò Ń Gbà?

Ẹni tó ń dá àjọ ojoojúmọ́ mọ iye tí alájọ ń gbà: owó ọjọ́ kan lóṣù ni. Ìyá aláta lè fi ìka ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé owó fún ilé iṣẹ́ tó ń kó owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fi dókòwò, èrè nìkan ni a sábà ń béèrè. Owó iṣẹ́ wọn kì í hàn, nítorí inú àpò náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí èrè tó kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ₦100,000 bá ń mú èrè ìdá 10 nínú 100 wá lọ́dọọdún, tí a kò fọwọ́ kàn án, yóò di nǹkan bí ₦673,000 lẹ́yìn ọdún 20. Bí owó iṣẹ́ bá sọ ìdá 10 náà di 8, ₦466,000 péré ni.

Lóòótọ́, alájọ lè sá lọ. Ní ti àpò ìdókòwò tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ SEC ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń pa ohun ìní náà mọ́. Ààbò ńlá nìyẹn, ó sì yẹ ní sísanwó fún. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé àlàyé àpò náà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ewé ọ̀hún hàn yín kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.